Ohun Tó Wà Lẹ́yìn Kristofa

Ìwọ tí o ń ka ìwé yìí, kí o tó tẹ̀ síwájú, gbọ́ ìkìlọ̀ mi: má ṣe fara ti ògiri nítorí pé àwòrán ara rẹ̀ dára. Ẹfun a máa bo nǹkan. Ọ̀dà pupa àti ọ̀dà aró a máa jókòó sórí irọ́ bí adìyẹ ṣe ń sàba lórí ẹyin, ọjọ́ tí irọ́ náà bá sì pa, kì í ṣe ẹni tó yé e nìkan ni yóò fojú rí i. Bí ìwọ náà bá ní iṣẹ́ kan tí o ti ṣe rí tí o kò fi òótọ́ inú ṣe, rọra ka ibí yìí. Tàbí kí o má tilẹ̀ kà á.

Òwúrọ̀ ọjọ́ kẹfà tí ogun ọ̀tá ti ká abúlé Rebnau mọ́ ni wọ́n mú Bartel bíríkìlà. Kùrukùru ti gòkè láti odò Kokel, ó bo ọgbà àjàrà láti ẹsẹ̀ òkè títí dé orí rẹ̀, ènìyàn kò lè rí ìka ọwọ́ ara rẹ̀ bí ó bá na apá. Bartel rò pé kùrukùru tó bo ojú ọ̀tá yóò bo òun náà. Ó gba ihò tóóró tí a fi ń da pàǹtí síta láti inú ṣọ́ọ̀ṣì tí gbogbo abúlé sá sí, ó fi ikùn wọ́ títí ó fi dé àgbàlá ara rẹ̀. Ó ṣí kòtò tó wà lábẹ́ àtíbàbà, ó bu ẹfun rírọ̀, èyí tí bíríkìlà fi ń mọ òkúta, kún korobá onígi méjì. Ìgbà tó ń padà bọ̀ ni ọwọ́ ọmọ ogun ọ̀tá kan gbá a mú lẹ́yìn ọrùn.

"Kí lo gbé?"

Ẹ̀rù kì í ṣe àlejò lára Bartel. Ọmọ ọdún mẹ́tàdínláàádọ́ta ni, kò mọ̀wé ju kí ó kọ orúkọ ara rẹ̀ àti kí ó ka àmì ara ọ̀pá ìwọ̀n lọ, láti kékeré ló sì ti máa ń wo ojú ènìyàn kí ó tó sọ̀rọ̀. Bí ojú náà bá le, ọ̀rọ̀ á padà sínú ikùn.

Kí n sọ ohun tó gbé e jáde kí a tó dé ọ̀dọ̀ àwọn tó mú un, nítorí ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n kò ní mọ ìdí tí ọkàn rẹ̀ fi ń lù báyìí.

Ní ọjọ́ kẹrin ogun náà ni odi ìta bọ́ sọ́wọ́ ọ̀tá. Gbogbo ará Rebnau, bí igba ènìyàn, ti sá wọ inú ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n fi irin há ilẹ̀kùn. Ṣọ́ọ̀ṣì tiwa kì í ṣe ti àdúrà nìkan. Ihò ọfà wà lókè rẹ̀ yíká, kànga wà nínú rẹ̀, ọ̀rá ẹlẹ́dẹ̀ tí èéfín ti gbẹ sì wà nínú ilé ìṣọ́, ti ilé kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú àmì tirẹ̀. Kò sí ẹni tí ebi ń pa. Ìbọn ńlá ni wọ́n ń bẹ̀rù. Ìhà gúúsù ni ìbọn náà wà, nítorí náà Bàbá Andres, tó jẹ́ olórí àdúgbò, ní kí gbogbo obìnrin àti ọmọdé lọ tẹ́ ẹní sí ẹsẹ̀ ògiri àríwá. Ó ní ibẹ̀ ló láàbò jù lọ.

Bartel wà níbẹ̀ nígbà tó pàṣẹ náà. Ó la ẹnu.

"Bàbá Andres…"

"Kí ló dé, Bartel?"

"Kò sí."

"Kò sí" yẹn kò jẹ́ kí ó sùn láti ọjọ́ náà. Nítorí ní ọdún mẹ́sàn-án sẹ́yìn, ilẹ̀kùn kan wà ní ògiri àríwá, òun ni wọ́n sì ní kí ó dí i. Ìkórè àjàrà pẹ́ lọ́dún náà, gbogbo ọwọ́ wà lóko, ìgbà tí wọ́n fi máa rántí ilẹ̀kùn, omi ti ń dì. Ẹni tó bá mọ iṣẹ́ mọ̀ pé ẹfun tí òtútù bá gbá kì í mú òkúta. Iyẹ̀pẹ̀ ni yóò padà dà. Bartel ì bá sọ pé kí wọ́n jẹ́ kí òtútù kọjá. Ṣùgbọ́n ayàwòrán tí yóò ya ẹni mímọ́ sára ògiri náà ti ti ìlú ńlá dé, àlùfáà ń kánjú, ó sì ń pariwo. Bartel kò lè sọ pé rárá fún ẹni tó ń pariwo. Ó to òkúta fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ sí iwájú, ó to òmíràn sí ẹ̀yìn, ó fi ìdì ẹ̀ka àjàrà gbígbẹ àti erùpẹ̀ di àárín. Ó rẹ́ ẹ. Wọ́n dáná sí ẹsẹ̀ ògiri kí ojú ẹfun lè gbẹ, ó sì dán bí ìkarahun ẹyin. Ó ní tí oòrùn bá padà dé, òun á tú u, òun á mọ ọ́n bó ṣe yẹ. Kí oòrùn tó padà dé, Kristofa Mímọ́ ti dúró lórí rẹ̀, ó ga tó òrùlé, ó gbé Jésù ọmọ kékeré lé èjìká, ẹja ń wẹ̀ láàárín ẹsẹ̀ rẹ̀ nínú odò, bíṣọ́ọ̀bù sì ti wọ́n omi mímọ́ sí i. Ta ni yóò gbé òòlù sọ ẹni mímọ́ lójú?

Gerdrut ìyàwó rẹ̀ kò mọ̀. Ursel ọmọ wọn, tó pé ọmọ ọdún mẹ́jọ ní ìkórè yìí, kò mọ̀. Àwọn méjèèjì ti sun òru méjì lórí ẹní, wọ́n fi orí ti ẹ̀ka gbígbẹ àti erùpẹ̀. Ohun tí Bartel fẹ́ ṣe ni pé kí ó fa òkúta ibojì àwọn àlùfáà àtijọ́ yọ ní ilẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì, kí ó fi wọ́n ti ògiri náà láti inú, kí ó fi ẹfun lẹ̀ wọ́n pọ̀. Bí wọ́n bá bi í, á ní ẹ̀rù lásán ló ń ṣe òun. Gbogbo wọn ló mọ̀ pé ẹ̀rù máa ń ṣe é.

Ibi ìfúntí ni wọ́n fà á lọ. Igi ńlá tí a fi ń fún àjàrà ṣì wà láàárín ilé, òórùn ìkórè ṣì wà níbẹ̀, ó dùn, ó kan díẹ̀. Wọ́n ti so Bàbá Thys mọ́ ìdí igi náà. Bàbá Thys ni ó máa ń ṣọ́ ọgbà àjàrà fún gbogbo abúlé, ọdún méjìlélógójì ló ti ń lé ẹyẹ àti olè. Ó kọ̀, kò sá wọ ṣọ́ọ̀ṣì. Ó ní àjàrà tó kù lórí igi kò mọ̀ pé ogun dé.

Àwọn aṣíwájú ogun jókòó sórí àgbá wáìnì, wọ́n ń gbìmọ̀. Ọmọ ogun tí wọ́n háyà ni wọ́n. Ọba ti kú, àwọn ìjòyè ń fa adé ya mọ́ra wọn lọ́wọ́, ọ̀kan nínú wọn ló sì rán àwọn wọ̀nyí sí àfonífojì wa. Ìgbà tí Lorant ọ̀gágun wọn wọlé, wọ́n dìde, wọ́n fi idà lu asà.

"Lorant! Ajá òkè tí kì í gbó kó tó géni jẹ! Lorant, àfòmọ́ ẹnu ibodè! Ó dé ẹnu ọ̀nà, onílé ń gba ojú fèrèsé jáde!"

"Ó tó," ni Lorant wí. Ọkùnrin tó gbẹ ni, kì í gbóhùn sókè. "Ogun Ìlú Méje ti jáde láti wá gba abúlé yìí sílẹ̀. Ọ̀la, kí oòrùn tó kàn wá lórí, wọn á dé ibí yìí. Ẹ sọ̀rọ̀."

Ẹni kan ní kí wọ́n dáná sun ṣọ́ọ̀ṣì náà.

"Kí ni iná fẹ́ jẹ níbẹ̀? Amọ̀ sísun ni òrùlé, òkúta ni ara."

Òmíràn ní kí wọ́n fi ebi lé wọn jáde.

"Láàárọ̀ ọ̀la? Àwọn tó ní ọ̀rá ẹlẹ́dẹ̀ ọdún méjì lókè orí wọn? Ìwọ ni ebi máa kọ́kọ́ pa."

Wọ́n rẹ́rìn-ín díẹ̀. Nígbà náà ni ọkùnrin kan tí ìka méjì kò sí lọ́wọ́ òsì rẹ̀ dìde. Òun ló ń yìn ìbọn ńlá wọn. Bartel wò ó, ó dá a mọ̀. Jodok ni. Ọdún mẹ́ta ni àwọn méjèèjì fi po ẹfun fún ọ̀gá kan náà nígbà èwe wọn, kí Jodok tó fi òòlù sílẹ̀ lọ jẹ oúnjẹ ẹ̀tù.

"Ọ̀gágun," ni Jodok wí, "ẹ̀tù mi kò ju ti ìyìn mẹ́ta lọ. Òkúta ìbọn mẹ́ta. Gúúsù tí mo ti ń yìn ín láti ìjẹta, mo kàn ń họ ara wọn ni. Màlúù mẹ́wàá ló ń fa ìbọn yẹn. Bí mo bá tún gbé e sí ibi tí kò yẹ, a ò ní ráyè gbé e mọ́. Ẹ fi ibi tó rọ̀ hàn mí, màá wọlé kí ẹ tó ka Baba Wa Tí Ń Bẹ Lọ́run tán. Ẹ má fi hàn mí, ẹ jẹ́ ká máa di ẹrù wa."

"Ọ̀gágun, a mú ẹni kan," ni ẹni tó di Bartel lọ́rùn wí, ó sì gbé korobá méjèèjì kalẹ̀.

Jodok yíjú. Ó wo Bartel títí. Kò kí i. Ó ti ìka bọ inú korobá, ó fi ẹfun náà pa láàárín àtàǹpàkò àti ìka, ó gbé e sún mọ́ imú.

"Kí lo fẹ́ fi ṣe, Bartel?"

"Fún… fún àwọn òkú ni. Òkú ti ń rùn nínú ilé."

"Òkú kẹ̀? Ẹfun gbígbẹ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ tinú iná jáde ni à ń dà sórí òkú, kí ó lè jẹ ẹran ara. Èyí ti mumi yó láti ọdún mẹ́ta. Ó rọ̀ bí wàràkàṣì. Èyí tí a fi ń lẹ òkúta mọ́ òkúta ni." Ó nu ọwọ́ mọ́ ṣòkòtò. "Ẹ̀yin ará, mo mọ ọkùnrin yìí. Bó bá ń bẹ̀rù, etí ọ̀tún rẹ̀ á pọ́n. Ẹ wò ó."

Wọ́n wò ó. Ó pọ́n bí ata.

Lorant sọ̀ kalẹ̀ lórí àgbá. "Ẹni tó bá tìtorí korobá ẹfun méjì jáde láàárín ogun, ògiri kan ń ké sí i. Jodok, mú un yí ilé yẹn ká. Wá ògiri náà fún mi. Bó bá pa ẹnu dé, ẹ fi bàbá yẹn ṣí i fún un."

"Ẹ kú ìnáwó o," ni Bàbá Thys wí láti ìdí igi. "Bó bá jẹ́ ọ̀fun mi lẹ fẹ́ fi ṣe kọ́kọ́rọ́, ẹ kọ́kọ́ da wáìnì sí i. Ọ̀fun gbígbẹ a máa ba ọ̀bẹ jẹ́."

Wọ́n rẹ́rìn-ín, ẹni kan sì fún un mu ní tòótọ́.

Ọkùnrin mẹ́rin gbé ilẹ̀kùn ibi ìfúntí bí asà, Jodok àti Bartel wà lẹ́yìn rẹ̀, wọ́n fi okùn fa Bàbá Thys tẹ̀ lé wọn. Kùrukùru ti ń ká. Ọfà kan wá láti òkè, ó gúnlẹ̀ sínú igi ilẹ̀kùn, ó ń gbọ̀n. Bartel ń rò ó pé: bí mo bá sọ̀rọ̀ níbi kan, tí mo dákẹ́ níbòmíràn, ìdákẹ́jẹ́ náà ni yóò tú mi fó. Jodok kò fi etí gbọ́ ọ̀rọ̀. Ó ń fetí sí ibi tí ọ̀rọ̀ ti dín. Nítorí náà ó pinnu pé òun á máa sọ̀rọ̀ bákan náà níbi gbogbo, bí òjò tó ń rọ̀ sórí òrùlé ọlọ́rọ̀ àti ti tálákà.

"Gúúsù nìyí," ni ó wí. "Àwọn baba ńlá wa ló mọ ọ́n. Òkúta gbígbẹ́, igun mẹ́rin. Ó nípọn tó kí ọkùnrin kan nà gbalaja nínú rẹ̀."

"Mo mọ gúúsù."

"Ìwọ̀-oòrùn nìyí. Ilé ìṣọ́ ló wà lórí rẹ̀, ìdí nìyẹn tó fi nípọn jù. Ẹnu ọ̀nà yẹn, bàbá bàbá mi ló gbẹ́ ọnà ara rẹ̀."

Jodok dúró. Ó wo ọnà náà láti ẹ̀yìn ilẹ̀kùn: ìtàkùn àjàrà tó gun òpó méjèèjì, ọkùnrin kan tó ká ṣòkòtò dé orúnkún tó ń tẹ àjàrà nínú ọpọ́n, ìgbín kan lórí ewé.

"Ìgbín yẹn dára o," ni ó wí, ohùn rẹ̀ sì dà bí ohùn ìgbà èwe wọn. "Bàbá bàbá rẹ ní sùúrù. Ìwọ ò ní in. Ṣé o rántí ibi ìdáná ìyàwó ọ̀gá? O sọ pé o ti fi òkúta kún inú rẹ̀."

Bartel yí ojú kúrò lára ọnà náà.

"Koríko lo fi kún un," ni Jodok wí. "Tẹ̀ síwájú."

Ọfà kò jẹ́ kí wọ́n yí igun àríwá láti ibẹ̀, wọ́n padà gba gúúsù, ìlà-oòrùn ni wọ́n kàn. Ibẹ̀ ni pẹpẹ wà. Àpáta ló wà lábẹ́ rẹ̀, ọ̀wọ̀n òkúta sì ti ẹ̀yìn rẹ̀ yíká. Bartel sọ bẹ́ẹ̀, ó sọ ọ́ bí ó ṣe sọ ti ìyókù. Òógùn ń ṣàn ní ẹ̀yìn rẹ̀. Ó ku ẹyọ kan.

Wọ́n yí igun. Ìmọ́lẹ̀ òwúrọ̀ ti gún ojú kùrukùru, ó sì bà lé Kristofa Mímọ́ láti orí dé èjìká: ojú gbọọrọ, irùngbọ̀n pupa, aṣọ tí kò tíì ṣá láti ọdún mẹ́sàn-án. Kò sí ẹni tí kò mọ àṣà náà ní ilẹ̀ wa, àwọn ọmọ ogun yẹn pàápàá mọ̀ ọ́n: ẹni tó bá wo ojú Kristofa láàárọ̀ kò ní kú ikú òjijì lọ́jọ́ náà, kò ní kú láìjẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀. Àwọn mẹ́rin tó gbé ilẹ̀kùn gbé ojú sókè lẹ́ẹ̀kan náà. Ọ̀kan ṣí fìlà. Bàbá Thys fi ọwọ́ tí wọ́n dì ṣe àmì àgbélébùú níwọ̀n bí okùn ṣe gbà á láàyè, ó ń sọ lábẹ́ ahọ́n pé: "Kristofa, òmìrán etí odò, agbọ́mọsọdá, gbé mi kọjá tòní." Jodok náà wò ó.

Bartel ń wo bàtà ara rẹ̀.

Ọdún mẹ́sàn-án ni kò fi wo ojú yẹn. Ìtìjú ló kọ́kọ́ fà á, nígbà tó yá ó di bárakú, kò tilẹ̀ mọ̀ mọ́ pé òun ń ṣe é. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ti mọ ọ̀nà kọjá níbẹ̀ pẹ̀lú orí ní títẹ̀. "Àríwá nìyí," ni ó ń sọ fún bàtà rẹ̀. "Òun náà nípọn. Òkúta ni, bíi ti gúúsù."

Ó gbé orí sókè díẹ̀, ó sì rí i pé Jodok kò wo ògiri mọ́. Òun ni Jodok ń wò.

"Bartel," ni Jodok wí pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. "Ọwọ́ wa lo wà. Nínú gbogbo àwa tí a dúró níbí, ìwọ lo sún mọ́ ikú jù. Olè máa ń wo Kristofa. Apànìyàn máa ń wò ó. Kí ló dé tí o ò wò ó?"

"Mo… mo wò ó."

"O ò wò ó."

"Oòrùn ló…"

"Oòrùn wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì, kò dé ibí." Jodok bẹ̀rẹ̀ sí í fi ojú wọn ògiri náà láti ìsàlẹ̀, láti ibi tí ẹja ti ń wẹ̀. "Kí ló wà lẹ́yìn àwòrán yìí?"

"Kò sí nǹkan kan."

"Ẹ mú bàbá wá."

Wọ́n wọ́ Bàbá Thys síwájú, wọ́n gbé ọ̀bẹ sí i lọ́fun. Bartel wo òkè, sí ihò ọfà, kì í ṣe sí ojú ẹni mímọ́. Àwọn ojú wà níbẹ̀. Ó dá irùngbọ̀n Bàbá Andres mọ̀. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó rí ìborí funfun: àsìkò Gerdrut ló kàn láti máa gbé òkúta gòkè fún àwọn atafà. Ibi tí wọ́n wà kò jìnnà. Bí ènìyàn bá húkọ́ nísàlẹ̀, wọ́n á gbọ́ lókè.

"Ẹ̀ẹ̀kan péré ni màá bi ọ́," ni Jodok wí.

Nígbà náà ni Bàbá Thys bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín gidi ni, ikùn rẹ̀ ń mì, ọ̀bẹ sì ń họ ọ́ lọ́rùn.

"Ẹ̀yin ọmọ yìí, ẹ ò kúkú bi èmi! Ẹ ń da ara yín láàmú. Gbogbo Rebnau ló mọ ìdí tí kò fi lè wo ojú yẹn. Òun nìkan ló rò pé a ò mọ̀."

"Kí ni?"

"Ojú ta lẹ rò pé ó wà lókè yẹn? Ojú ayàwòrán fúnra rẹ̀ ni! Irùngbọ̀n pupa, imú gígùn, òun gan-an ló ya ara rẹ̀ síbẹ̀, ẹlẹ́nu dídùn. Ilé ta ló sì wọ̀ sí ní gbogbo ìgbà òtútù yẹn? Ilé bíríkìlà wa yìí. Ọkọ ń po ẹfun lóde, àlejò ń jẹ nínú ìkòkò rẹ̀. Ó jẹun tán, ó kó sábẹ́ aṣọ ìbora onílé." Ó tutọ́. "Bó bá jẹ́ ìwọ ni, ṣé wàá máa kí ọkùnrin tó gba ibùsùn rẹ káàárọ̀ lójoojúmọ́?"

Àwọn tó gbé ilẹ̀kùn rẹ́rìn-ín tí ilẹ̀kùn fi fẹ́ bọ́. "Kristofa agbọ́mọsọdá!" ni ọ̀kan kígbe. "Ó gbé tìyàwó náà sọdá!"

Jodok kò rẹ́rìn-ín. "Ṣé òótọ́ ni, Bartel?"

Bartel wo Bàbá Thys. Ẹnu bàbá ṣì ń rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ kò sí nínú ẹ̀rín náà. Ìgbà náà ló rántí ẹ̀yìn tó ru ìdì ẹ̀ka àjàrà wá fún un ní ọdún mẹ́sàn-án sẹ́yìn. Ẹ̀yìn Thys ni. Thys ti bi í pé kí ló fẹ́ fi ẹ̀ka tó pọ̀ tó yẹn ṣe, òun sì ní òun fẹ́ fi dáná ni. Bàbá yìí mọ̀. Láti ọdún mẹ́sàn-án ló ti mọ̀, kò sì tú u fún ẹnikẹ́ni.

Ó rò ó. Ó rò ó kíákíá, òun tí kì í lè rò kíákíá. Bí òun bá ní irọ́ ni, Jodok á tún bèèrè pé kí ló dé tí òun kò fi wo ojú ẹni mímọ́, kò sì sí ìdáhùn mìíràn lábẹ́ ọ̀run. Bí òun bá ní òótọ́ ni, Gerdrut wà lókè, ó ń gbọ́. Obìnrin tí kò ṣẹ̀ ẹ́ rí. Obìnrin tó bu ọbẹ̀ fún ayàwòrán yẹn ní ìta gbangba, níṣojú ọkọ, tó sì ní kí ó sùn ní ilé ẹran. Ọdún tó tẹ̀ lé e, ní ìkórè, ló bí Ursel.

"Mo ní ṣé òótọ́ ni?"

"Òótọ́ ni."

"Mi ò gbọ́."

"Òótọ́ ni!" Ohùn náà jáde bí ohùn ẹlòmíràn. "Ó bá ìyàwó mi sùn. Mi ò fẹ́ rí ojú rẹ̀. Ṣé ó tó yín?"

Jodok wo etí rẹ̀. Ó pọ́n dé ọrùn. Ìtìjú náà a máa mú etí pọ́n.

"Ẹfun ńkọ́? Ògiri wo lo fẹ́ fi tún ṣe?"

Kò sí bí kò ṣe ní fún un ní nǹkan. Bartel rí inú ṣọ́ọ̀ṣì lójú ọkàn, láti àríwá tí ẹní àwọn ọmọdé tò sí, títí dé ìlà-oòrùn tí kò sí ẹnikẹ́ni, àfi pẹpẹ: Màríà onígi tí bàbá bàbá rẹ̀ gbẹ́, pátákó méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tó ń ṣí tó ń pa dé bí ìyẹ́, àwòrán àwọn àpọ́sítélì lórí wúrà, àti búrẹ́dì mímọ́, ara Olúwa, nínú àpótí. Ohun tó dára jù lọ tí Rebnau ní. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni ọ̀wọ̀n òkúta wà.

"Ìlà-oòrùn," ni ó wí. "Fèrèsé kan wà lẹ́yìn pẹpẹ. Mo… mo dí i ní oṣù tó kọjá, nígbà tí a gbọ́ pé ẹ ń bọ̀. Ìkánjú ni, mo rẹ́ ojú rẹ̀ kí ó má bàa hàn lóde. Kò tíì gbẹ."

Ó sunkún nígbà tó sọ ọ́. Kò ṣòro. Ẹkún ti wà nílẹ̀.

Jodok yíjú sí ọ̀kan nínú àwọn tó gbé ilẹ̀kùn. "Sáré lọ sọ fún Ọ̀gágun. Kí wọ́n di màlúù mọ́ ìbọn. Ìlà-oòrùn." Ó fi ọwọ́ oníka mẹ́ta gbá Bartel léjìká, bí ọ̀rẹ́ àtijọ́. "Bí òkúta àkọ́kọ́ kò bá wọlé, màá pa yín méjèèjì. O mọ̀."

"Bàbá Ursel!"

Láti òkè ni. Ìborí funfun ti yọ sí ojú ihò ọfà, ẹnì kan ń fà á sẹ́yìn, kò gbà.

"Bàbá Ursel, kí lo sọ? Kí lo fi ẹnu rẹ sọ nípa mi?"

Bartel tẹ orí.

"Ọmọ rẹ gùn dé ibí! Ó gbọ́ ọ! Ọmọ ọdún mélòó ni Ursel? Dá mi lóhùn! Kà á fún mi, kí gbogbo wọn gbọ́! Ọmọ ta lo ní kó máa jẹ́ báyìí?" Ohùn rẹ̀ ya. "Ọkọ mi, wọ́n ń nà ọ́ ni? Ṣé wọ́n ń nà ọ́ kí o tó sọ ọ́? Sọ pé irọ́ ni. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo. Mi ò bèèrè nǹkan mìíràn lọ́wọ́ rẹ láyé mọ́."

Bàbá Thys kò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó ti di ojú.

Jodok tẹ́tí. Ojú rẹ̀ ń lọ láti òkè sí ìsàlẹ̀, láti obìnrin sí ọkùnrin, láti ọkùnrin sí ẹsẹ̀ ògiri tí ẹja ti ń wẹ̀. Lẹ́yìn igun, wọ́n ti ń kígbe mọ́ màlúù, kẹ̀kẹ́ ìbọn ti ń dún.

"Ìyàwó rẹ ń bá ọ sọ̀rọ̀," ni ó wí. "Dá a lóhùn."

Bartel mi orí. Bí ó bá ní irọ́ ni, ìbọn á yí padà sí àríwá, sí ẹní àwọn ọmọdé.

"Kí ló dé? Ọ̀rọ̀ kan ni. Bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́."

"Bàbá Ursel!"

"Mi ò ní sọ nǹkan kan mọ́," ni Bartel wí, ó sì pa ẹnu rẹ̀ dé, lẹ́yìn igun, ìbọn ń yí lọ sí ìlà-oòrùn.